Ta ló ṣì ń ka ìwé Yorùbá sókè nínú ilé?

Àkànkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù mẹ́rin, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ojú màmá mi ti lọ pátápátá. Glaucoma ni. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, òsì tẹ̀ lé e lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jí láàárọ̀, Bíbélì ni wọn yóò kọ́kọ́ fà mọ́ra. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á mú Alároyè, wọ́n á kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìpolówó oògùn tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọn ò rí nǹkan kan kà mọ́, wọ́n dákẹ́. Kì í ṣe pé ara wọn ò yá o. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. A ra rédíò tuntun fún wọn, wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń nu eruku lára àwọn ìwé bàbá wa tó ti ṣaláìsí, mo rí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ikán ti jẹ igun kan. Mo jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn, mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n kà díẹ̀ fún yín." Wọn ò dá mi lóhùn. Mo kà á. Nígbà tí mo fẹ́ dìde lọ dáná, wọ́n ní, "Ṣé o ti parí ni?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ìwé kékeré mìíràn ni mo ń kà, èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n fi "agbo" wẹ ọmọ náà, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo kà á bí àgbò, ẹran. Ni màmá bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àgbò wo ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ? Ṣé ìwo rẹ̀ ni wọ́n fi ń họ ọ́ lára ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn láti ìgbà tí ojú òsì ti lọ.

Láti ìgbà náà, aago mẹ́jọ alẹ́ kì í yẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé ta ló ṣì ń ka ìwé Yorùbá sókè nínú ilé? Báwo lẹ sì ṣe ń kà á tí ẹnu yín kì í fi í kọsẹ̀? Yorùbá ni mo ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá fẹ́ kà á, mo máa ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́.


Bàbá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Àkànkẹ́ ọmọ mi, ó kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

Má dá ẹnu rẹ lẹ́bi. Ìwé Fágúnwà tí o dì mú yẹn, 1938 ló kọ́kọ́ jáde, bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá sì jẹ́ ti àtijọ́, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Aiye ni wàá rí níbẹ̀, wàá rí enia, ẹiyẹ, ọkọnrin àti nwọn. Ọ̀pọ̀ nínú ìlànà yẹn ti wà láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nárì CMS ti ṣe ìpàdé lórí bí a ṣe ń kọ Yorùbá ní 1875. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, tó sọ wọ́n di ayé, ènìyàn, ẹyẹ, ọkùnrin àti wọ́n. Àmì ohùn náà ò pọ̀ nínú ìwé nígbà yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé ẹni tó máa kà á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé ojú ni kó ṣáájú, ẹnu ni kó tẹ̀ lé e. Bí ẹnu rẹ bá wà ní ọ̀rọ̀ kejì, kí ojú rẹ ti dé ọ̀rọ̀ keje. Bí ojú bá ti rí "wẹ ọmọ" níwájú, ẹnu ò ní pe àgbo ní àgbò. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ́ ọmọ lára, lẹ́yìn náà kò tún ní rántí pé òun kọ́ ọ rárá.

Ohun kan ṣì wà tó ń dùn mí. Àwọn òbí ń sá fún Yorùbá nítorí wọ́n rò pé yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Níbí, ní Modákẹ́kẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's "A", Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ó lé ti kọjá, a ṣì ń bá àwọn òbí jiyàn lórí ohun kan náà.


Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Peckham

Àǹtí Àkànkẹ́, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín.

Èmi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Àwọn ìbejì mi pé ọdún méje, bí mo bá ń jáde nílé ni wọ́n ń múra láti sùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn mi ka àlọ́ sórí WhatsApp. Bó bá ku ogún ìṣẹ́jú kí n wọṣẹ́, mo máa ń jókòó sínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, màá ṣí ìwé, màá kà á sínú fóònù, màá fi ránṣẹ́ sí bàbá wọn.

Bí mo bá dé ibi orin, màá dá orin náà, lẹ́yìn náà màá dákẹ́, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú ọkàn mi. Àyè tí wọ́n máa fi gbè é nìyẹn. Lẹ́yìn náà màá tún dá a. Àwọn tí wọ́n jọ ń pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀ ti mọ̀ mí mọ́ ọn, wọn kì í bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ọkọ mi ní bó bá ti kan ibi tí mo dákẹ́ sí, àwọn méjèèjì á gbè é pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, títí aládùúgbò á fi máa kan ògiri.

Gẹ̀ẹ́sì ni Táíwò fi ń dá mi lóhùn tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń fọ eyín, mo gbọ́ tó ń kọ orin Ìjàpá sínú búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló pè bó ṣe yẹ.


Òǹkàwé Òru

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí ẹ̀ ń ṣe dára, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n mo rò pé à ń gbàgbé nǹkan kan.

Kíkà sókè dára fún ìyá tí ojú rẹ̀ ti lọ àti fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì dá ńkọ́? Ìdákẹ́jẹ́ ni ìwé ti ń wọ ènìyàn lára. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo rí Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí lábẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi. 1969 ni ìwé náà jáde, mi ò tíì délé ayé nígbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Iná lọ, mo tan àtùpà. Epo tán nínú àtùpà, mo gbé ìjókòó lọ sójú fèrèsé, mo ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Làpàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ yẹn, àti Tàfá Ìgírípá ò jẹ́ kí n sùn. Bó bá ṣe pé ẹnì kan ló ń ka ojú ewé mẹ́rin fún mi lálẹ́, tó wá pa á dé pé ó dọ̀la, n bá ti fi ẹkún sùn.

Ohun tó sọ mí di òǹkàwé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí n kà á. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ò kórìíra kíkà, àtàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n fi ń ka nǹkan lórí fóònù. Ìwé tuntun lédè wa tó lè gba oorun lójú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wọ́n.


Ọlọ́jà Ìwé, Dùgbẹ̀

Ẹ kú ìjókòó. Èmi ni mo ń ta ìwé àlòkù, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo ń rí lórí àtẹ mi.

Ìwé Yorùbá tó ń tà ni èyí tó bá wà nínú ìdánwò. Bó bá ti wọ inú ìwé tí wọ́n yàn fún WAEC, àwọn òbí á máa wá a kiri bí ẹni wá ewé ọmọ. Bí ìdánwò bá ti parí, àwọn ọmọ náà á kó o padà wá fún mi, n óò rà á ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọn ò ṣí kọjá ìdajì. Mo máa ń mọ̀ ọ́n. Ìdajì ìwé náà á ti dọ̀tí, ìdajì kejì á máa dán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tà. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, eré onítàn tó jáde ní 1970. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Adétutù, ẹrúbìnrin tí Ìyálóde pa nítorí pé ó lóyún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà, ó fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ "kúnlẹ̀", "má wojú rẹ̀", "sunkún díẹ̀, má pariwo". Ọmọdébìnrin kan ló fẹ́ ṣeré náà nílé ìwé wọn. Ní ojú ewé tí ọ̀rọ̀ Adétutù ti parí, ó kọ "ó tán" sísàlẹ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi owó lọ̀ mí lórí ìwé yẹn, mi ò gbà. Ó wà nílé mi báyìí.

Òǹkàwé Òru, ṣé ẹ rí i, sókè ni ọmọ yẹn ti ka tirẹ̀.


Ọmọ Kétu

Ẹ kú alẹ́ o. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo wà, ní Kétu. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tí Bàbá Tíṣà sọ kàn mí gan-an. Ní ọ̀dọ̀ wa, ɛ àti ɔ ni ìlànà ìjọba fi ń kọ èyí tí ẹ̀yin ń kọ ní ẹ àti ọ. Sh ni dípò ṣ, kp sì ni dípò p. Igi tí ẹ̀ ń pè ní ọ̀pẹ, ɔ̀kpɛ ni a ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ìwé kan láti Nàìjíríà, mo ṣí i, mo rò pé èdè mìíràn ni. Àwọn àmì ìsàlẹ̀ yẹn dà bíi pé kòkòrò rìn kọjá lórí bébà. Mo pa á dé, mo gbé e sílẹ̀ fún bí oṣù méjì.

Bàbá mi àgbà ló sọ pé kí n gbé e wá. Wọn ò lọ sílé ìwé Faransé. Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin ni wọ́n fi kọ́ra wọn, nítorí náà lẹ́tà tiyín ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ tiwa. Wọ́n kà á, mo ń gbọ́. Ìlà kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lójúde wa ni. Ojú mi ló rí ìyàtọ̀, etí mi ò rí kankan.

Ní báyìí, mo ń ka méjèèjì. Bí mo bá dé ibi tó le, mo máa ń yọ ohùn díẹ̀, ó sì máa ń là.


Dọ̀tun, akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin bàbá, mo ki yín o. Ní ti tèmi, mi ò tíì ka ìwé Yorùbá kankan tán láyé mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹnì kan ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Fágúnwà nítorí pé òun ló kọ ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Mo ṣí i, gbólóhùn rẹ̀ gùn jù mí lọ.


Bàbá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Dọ̀tun, má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gun òkè kì í kọ́kọ́ gba ibi àpáta.

Ẹni tó sọ fún ọ pé Fágúnwà ni àkọ́kọ́ kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà ṣáájú rẹ̀. Láti 1929 sí 1930, Isaac Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló ń kọ wọ́n. Obìnrin náà ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe fàájì kiri Èkó, àìsàn wá dá a wó, ó ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ kó tó kú. Àwọn ará Èkó gbà á gbọ́. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Thomas ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ìwé ní 1930, ọdún mẹ́jọ gbáko kí ti Fágúnwà tó dé.

Fún ìwọ, wá Ó Le Kú ti Ìṣọ̀lá, 1974. Àjàní, ọmọ yunifásítì ní Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó kó sí i lọ́kàn. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ni irú èyí tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ. Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997. Ìró kúkúrú tí àwọn obìnrin inú fíìmù náà ró gbòde nígbà yẹn, "ó le kú" ni gbogbo ọjà ń pè é. Bi màmá rẹ, wọ́n á mọ̀ ọ́n.


Dọ̀tun, akẹ́kọ̀ọ́

Bàbá, mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ró o lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n tún wọlé lọ mú fọ́tò jáde. Ìwé náà sì wà nílé látọjọ́ yìí, wọ́n fi ń ti ẹsẹ̀ tábìlì. Mo ti fa á yọ.


Òǹkàwé Òru

Ọlọ́jà Ìwé, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin yẹn látàná. Mi ò yí ohun tí mo sọ padà: ìwé tó lè gba oorun lójú ènìyàn, a nílò rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n mo rántí nǹkan kan tí mo ti gbàgbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ka ìwé Òkédìjí yẹn tán, mo jí ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìparí rẹ̀ sí i létí nígbà tó ṣì wà lórí ẹní. Ó ti kà á ṣáájú mi. Ó jẹ́ kí n kà á dé òpin.

Àǹtí Àkànkẹ́, ẹ bá mi kí màmá. Ibo lẹ ti kà dé?


Àkànkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Bàbá Tíṣà, mo ti ń fi ojú ṣáájú ẹnu. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé, ẹnu mi ò kọsẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bó bá rẹ̀ mí, ẹnu á tún fẹ́ ṣáájú.

Mo kí màmá fún un yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ fún wọn, wọ́n ní kí n sọ fún un pé kó ka ení dé àrún, pé ẹ̀rin ti kéré jù fún ọmọdé láti mí.

Ní ti ibi tí a kà dé, a ti padà sọ́dọ̀ Fágúnwà. Lálẹ́ àná, a dé ibi tí Àkàrà-Oògùn ti ń kó àwọn ọdẹ akíkanjú jọ láti lọ sí Òkè Láńgbòdó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ojú ewé náà ni iná lọ, gbogbo yàrá sì ṣókùnkùn. Fóònù mi wà ní pálọ̀. Mo dákẹ́.

Wọ́n ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Iná ti lọ, mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá."

Wọ́n ní, "Jókòó." Wọ́n ní Sítáńdáàdì Fáìfù ni àwọn wà nígbà tí tíṣà wọn ka ibẹ̀ fún wọn, lábẹ́ igi máńgòrò, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọdẹ náà lórúkọ. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan tẹ ìka kejì lórí aṣọ ìbora. Wọ́n pe Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn. Wọ́n pe Ìmọ̀dòye. Wọ́n pe Olóhùn-iyọ̀, wọ́n wá dúró díẹ̀, wọ́n ń wá èyí tó kàn. Mo mọ̀ ọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójú ewé náà kí iná tó lọ, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́.

"Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ," wọ́n ní, wọ́n sì tẹ ìka kẹrin.

Aago mẹ́sàn-án kọjá dáadáa kí iná tó dé. Nígbà yẹn, a ti ń wọ Òkè Láńgbòdó.